Pípe orí wálé

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹni tí orí rẹ̀ dàrú: wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò ṣeé wò mọ́. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ta ni kò tíì gbọ́ ọ? Bí ìdílé kan bá rí i pé ọmọ wọn ti ń dá sọ̀rọ̀, tí kò sùn mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kí ó má baà jáde dé ọjà. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á sọ́ ọ lọ́sàn-án lóru. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ so ó mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ló ń so ọmọ mọ́lẹ̀ ju ìkà lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì rí i pé kò sọ ohunkóhun nípa àìsàn. Kò sí ohun tó wà nínú erùpẹ̀ ọjà tó ń sọ oògùn di omi lásán. Ohun tó wà ní ọjà ni ojú. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá wọ ọjà, igba ojú ló rí i, igba ẹnu ló sì gbé e lọ sílé. Ara rẹ̀ lè yá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú tí igba ènìyàn fi ń wò ó kò ní yí padà, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni wọn yóò sì máa pè é títí. Bí ẹni kan bá wà tí kò ṣeé wò nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí, àwa tí a wà ní ọjà ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, oríkì, aṣọ, oúnjẹ àti ìtàn ìlú ni a sábà máa ń bá ara wa sọ ní ojú-ewé yìí. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ẹni tí àìsàn ọpọlọ mú, tó lo oògùn, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń wá ara rẹ̀ kiri nínú ilé baba rẹ̀.

Àìsàn tí mo ń wí ni èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní schizophrénie. Dókítà Eugen Bleuler, ọmọ orílẹ̀-èdè Suisse, ló fún un ní orúkọ náà ní 1908, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tó túmọ̀ sí ọkàn tó là sí méjì. Orúkọ náà ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, wọ́n rò pé ẹni méjì ló ń gbé inú ara kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tó yẹ kí ó so pọ̀ nínú ènìyàn, èrò rẹ̀, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, ohun tó ń dùn ún àti ohun tó ń bà á lẹ́rù, ni wọ́n tú ká. Yóò gbọ́ ohùn tí ẹni tó jókòó tì í kò gbọ́. Ó lè dá a lójú pé wọ́n ń lépa òun, pé òun ni rédíò ń bá wí, tàbí pé ẹlòmíràn ló ń ki èrò bọ òun lórí. Ẹ kíyè sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá èrò tó wà lọ́kàn òun jẹ́ ti òun, kí ló kù tí yóò pè ní "èmi"?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 24 ènìyàn ló ní àìsàn yìí ní gbogbo ayé, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú 300. Ẹ ka àwọn ènìyàn tó wà ní àdúgbò yín, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Àjọ náà tún sọ pé, ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́ta lára wọn ni ara rẹ̀ lè yá pátápátá. Iye yẹn ga ju ohun tí a rò ní ọjà lọ. Ohun tó wá le jù ni ọjọ́ orí tí àìsàn náà sábà máa ń dé: nígbà tí ènìyàn bá ń súnmọ́ 20 ọdún tàbí tó bá ti lé díẹ̀, ó sì máa ń yá lára àwọn ọkùnrin ju àwọn obìnrin lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀dọ́ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tó ń ṣe ìdánwò Bac, tó ń wo ẹni tí òun yóò fẹ́. Ẹni 50 ọdún tí àìsàn bá gbé ṣánlẹ̀ ti jẹ́ baba ẹnì kan, ó ti jẹ́ oníṣòwò, ó ní ibi tí yóò padà sí nínú ara rẹ̀ bí ìjì náà bá rọlẹ̀. Ẹni 19 ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni, ìjì sì ti dé bá a níbẹ̀.

Kí n sọ ti oògùn kí n tó kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Oògùn ṣe pàtàkì. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti mọ asofẹ́yẹjẹ tipẹ́tipẹ́, igi tí wọ́n ń fi egbò rẹ̀ mú ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná sùn. Ní 1952, ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Páríìsì, Jean Delay àti Pierre Deniker fi hàn pé chlorpromazine, èyí tí a mọ̀ sí Largactil, lè mú kí ohùn àti ẹ̀rù wọ̀nyẹn rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ń lo oògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kò sì sí àlùfáà, pásítọ̀, tàbí olórìṣà tó yẹ kí ó sọ fún un pé kí ó jù ú nù. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì rán an létí pé àkókò oògùn ti tó. Oògùn náà ní ìyà tirẹ̀: ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ahọ́n lè wúwo, oorun lè pọ̀, ènìyàn lè máa sanra. Dókítà ló yẹ kí ó gbọ́ gbogbo ìyẹn, kí ó sì wá ojútùú sí i. Ohun tí oògùn kò lè ṣe fún ènìyàn ni mo bá wá.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kétu tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Kútọ̀nú nígbà tí àìsàn náà mú un. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó gba ìtọ́jú, ohùn náà sì dákẹ́. Gbogbo ilé dúpẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó sọ ohun kan fún mi tí n kò gbọ́ rí: ó ní ìdákẹ́jẹ́ náà nira fún òun ju ariwo lọ. Nígbà tí ohùn ń sọ̀rọ̀, ẹni pàtàkì ni òun. Gbogbo ayé ló ń lépa òun, gbogbo ọ̀nà ló ní ìtumọ̀. Ìgbà tí wọ́n dákẹ́, òun di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹ má rò pé ìdílé rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ wọn gan-an ló dí i lọ́nà. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má baà fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Wọn kò jẹ́ kí ó mú owó dání. Wọn kò rán an níṣẹ́, kódà kí ó lọ ra iyọ̀ ní ìta. Bí àlejò bá dé, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè: "Ṣé ó ti jẹun? Ṣé ó sùn dáadáa lánàá?" Òun náà wà níbẹ̀, etí rẹ̀ kò di. "Mo jókòó síbẹ̀," ni ó wí, "wọ́n sì ń bèèrè mi lọ́wọ́ ìyá mi bí ẹni pé mo ti rìnrìn àjò."

Ohun tó mú àyípadà dé kéré gan-an. Àbúrò ìyá rẹ̀ wà, obìnrin tó ń ta gàrí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù. Ní ọjọ́ kan ó gbé ṣòkòtò kákí tí ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wá, ó ní kí ó bá òun ṣẹ́ etí rẹ̀. Ìyá ọmọ ń ṣẹ́jú sí i pé kí ó má dán an wò; kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lásán ni ọmọkùnrin náà fi rán an, nítorí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pamọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìṣẹ́tí náà wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, obìnrin náà padà wá, ó ju ṣòkòtò náà sórí itan rẹ̀.

"Ṣé ohun tí o máa gbé fún oníbàárà nìyí? Tú u, kí o tún un rán."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ fún mi di ọ̀la."

Ó ní bí òun ti ń tú òwú náà, ẹ̀rín ń pa òun. Fún ọdún méjì gbáko, kò sí ẹni tó bá òun wí. Gbogbo ènìyàn ló ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá òun sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí nìkan ni kò bẹ̀rù òun. Ó gbà pé aránṣọ ni òun, ó sì bínú pé òun kò rán an dáadáa. Nínú ìbínú yẹn ni ó ti tún gbọ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ wo bí a ṣe ń kí ara wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó wà lórí àtẹ, ẹ kú ọjà. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro. Àgbẹ̀, àroko bọ́dún dé. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe ni ìkíni wa fi ń mọ̀ ọ́n. Báwo ni a ó wá ṣe kí ẹni tí a kò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún? "Ṣé ara ti ń le?" Lójoojúmọ́, fún ọdún méjì, fún ọdún mẹ́ta, ìbéèrè kan ṣoṣo náà. Ṣé ó wá yà wá lẹ́nu bí kò bá rí ohun mìíràn nínú ara rẹ̀ mọ́ àfi àìsàn? Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń rán ṣòkòtò kẹta tàbí ìkẹrin, ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ kígbe sí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó ṣì rántí ọjọ́ náà, ó sì rántí àwọ̀ ẹ̀wù tí onítọ̀hún wọ̀.

A tún máa ń sọ pé orí ẹnì kan dàrú, a sì máa ń sọ fún un pé kí ó pe orí ara rẹ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ó fi hàn pé ohun tó lọ lè padà, àti pé ẹni tó ni ín ni yóò pè é. Ẹlòmíràn kò lè bá a pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ní kí ó pe nǹkan wálé gbọ́dọ̀ ní ilé tí yóò pè é sí. Bí a bá ti gba àga rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ nínú ilé, ibo ni kí orí náà bọ̀?

Irú ohun tí ìyá olùtà gàrí yìí ṣe ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn, àwọn kan sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Patricia Deegan jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n sọ fún un pé schizophrénie ló ń ṣe é. Ó ti kọ̀wé nípa oṣù pípẹ́ tó fi jókòó sórí àga kan, tó ń mu sìgá, tí kò fẹ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ àgbà máa ń wọlé wá lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, a bi í bóyá yóò bá òun lọ ra oúnjẹ. Yóò ní rárá. Ìyá àgbà kò ní bá a jà, kò sì ní bẹ̀ ẹ́. Yóò jáde, yóò sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ní ọjọ́ kan ó gbà láti lọ, ṣùgbọ́n ó ní kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù nìkan ni òun yóò máa tì. Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ó sì fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé ìyá àgbà kò béèrè ohunkóhun nípa àìsàn, kò sì jẹ́ kí "rárá" àná dí "bóyá" òní lọ́wọ́.

Ní 1992, Larry Davidson àti John Strauss, àwọn olùkọ́ ní yunifásítì Yale, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: bí ènìyàn ṣe ń tún ara rẹ̀ rí lẹ́yìn àìsàn ọpọlọ tó le. Wọ́n tẹ́tí sí àwọn tó ń sàn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rí i pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni náà á tajú kán rí i pé apá kan wà nínú òun tí kì í ṣe àìsàn, tó lè fẹ́ nǹkan, tó sì lè ṣe é. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ara rẹ̀ wò, bí aránṣọ ṣe ń fi tépù wọn aṣọ, kí ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Yóò dán an wò. Nígbà mìíràn yóò já, nígbà mìíràn yóò bọ́ sí i. Ohun tó bá sì rí gbà níbẹ̀ ni yóò di ibi ìsádi fún un lọ́jọ́ tí àìsàn bá tún gbójú sókè. Mo fi ìtàn ọmọ Kétu yẹn wé ohun tí wọ́n kọ, ó sì bára mu ju bí mo ti rò lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí Abẹ́òkúta. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ ìlú náà tí a bí ní 1923, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wálé láti darí ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Aro. Ní 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí ayé wá ń bọ̀ wá wò. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé wọn, kí ìbátan kan sì bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á bá àwọn ènìyàn ro oko, wọ́n á jókòó níbi àríyá. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ẹ ronú lórí ohun tó yí padà níbẹ̀. Aláìsàn di àyálégbé. Ó di ẹni tó ní aládùúgbò, ẹni tí wọ́n lè kí pé ẹ kú oko, ẹni tí wọ́n lè bá jà lórí ewúrẹ́ tó wọ ọgbà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí schizophrénie ní ìlú mẹ́sàn-án, Ìbàdàn wà lára wọn, pẹ̀lú London, Washington, Moscow, Agra ní Íńdíà àti àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún méjì àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn ti Ìbàdàn àti Agra ni ara wọn dá jù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, àwọn kan sì sọ pé ká má fi ọ̀rọ̀ náà gbé ara wa ga. Èmi náà kò ní fi ṣe ìyangàn, nítorí ilẹ̀ wa kan náà yìí ni a ti ń fi ẹ̀wọ̀n so ènìyàn mọ́ igi.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan ló fi èyí hàn gbogbo ayé. Grégoire Ahongbonon kì í ṣe dókítà. Ó ń tún táyà ṣe ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ó rí towó ṣe, lẹ́yìn náà ohun gbogbo dojú dé, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tó gbéra ńlẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń tú àwọn tí wọ́n dè sílẹ̀. Ilé ìtọ́jú wọn wà ní Côte d'Ivoire, ó wà ní Tógò, ó sì wà níbí. Èyí tó wà ní Avrankou kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ohun tó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ ni pé lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti jẹ́ aláìsàn rí. Wèrè la fi ń wo wèrè, ni a máa ń wí nígbà tí a bá fẹ́ fi agbára dá alágbára lẹ́kun. Ní Avrankou, ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn: ẹni tó ti rin ọ̀nà náà lọ tó sì bọ̀ ló ń fi ọ̀nà han ẹni tó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan nípa fóònù. Ọjà tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù ń tú ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó wà nínú fóònù yín kì í tú. Bí ẹnì kan bá bọ́ sí ìgboro ní ìhòòhò, tí ẹ bá ya fọ́rán rẹ̀, tí ẹ fi ráńṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́ta, kó tó di alẹ́ ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Èkó àti ní Páríìsì. Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹni náà bá ti wẹ̀, tó ti wọṣọ, tó sì jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fọ́rán náà yóò kàn án lára. Ṣé ẹ lè fojú inú wò ó? Ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti tún ojú ara yín rí, ẹnì kan wá gbé ojú yẹn fún yín pé, "Ìwọ rèé." Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kí ó mú aṣọ dání wá, kí ó sì pe ìdílé rẹ̀.

Oríkì ńkọ́? Nínú ìwé ìròyìn bí èyí, ẹ ti ń retí rẹ̀. Ó wúlò. Ìyá tó bá jí ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ tó pè é ní Àkànní tàbí Àṣàkẹ́ ń rán an létí pé ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n kí àìsàn tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sàn ló fẹ́ kí a máa ka ìṣe akọni àwọn baba ńlá rẹ̀ sí i lórí. Ó lè mú kí ó rí ara rẹ̀ bí ẹni tó já ìran rẹ̀ kulẹ̀. Orúkọ àti oríkì àbísọ tó fún òwúrọ̀. Ẹ fi ti ìran sílẹ̀ di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá bèèrè.

Àìsàn náà lè padà. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi aránṣọ kò sùn fún òru mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti ń bọ̀." Kí wọ́n tó lọ, ó ránṣẹ́ sí oníbàárà méjì pé aṣọ wọn yóò pẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀, ó sì padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Nínú ilé, àwọn kan sunkún pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, okùn ni wọ́n fi gbé e lọ. Ní ìgbà kejì, aránṣọ kan ló ṣàìsàn, tó sì sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kan tún wà. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dára tán, àwọn ènìyàn kan ń fún un ní 500 fàráǹkì lórí ohun tí wọ́n ń san 1500 fún lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn mìíràn sì ń fún un ní 2000 nítorí àánú. Méjèèjì ló ń bí i nínú. Ó fẹ́ kí wọ́n ná an, kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ lórí iye tó dá lé e bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo aránṣọ, kí wọ́n sì san ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí jù lọ ni ti ìgbéyàwó. Àṣà wa ni pé kí a wádìí ìdílé kí a tó fẹ́ ọmọ níbẹ̀, wèrè sì wà lára ohun tí a ń wádìí. Òótọ́ ni pé àìsàn yìí lè tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Òótọ́ náà sì ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí bàbá tàbí ìyá wọn ní i ni kò ní ní i láéláé, àti pé ó ń mú ọmọ ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti ní i rí. Ìwádìí kò burú. Èyí tó burú ni kí a wádìí lọ́wọ́ aládùúgbò, lọ́wọ́ ọ̀tá, lọ́wọ́ ẹni tó rí i ní ọjà lọ́dún méje sẹ́yìn, kí a má sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni náà fúnra rẹ̀.

Àbúrò ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí ti ń bá a wo ọmọbìnrin kan ní ọ̀nà Ìlárà. Ó ní kí ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn náà títí di ẹ̀yìn ìdána. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ ọ̀rọ̀ sí obìnrin náà lẹ́nu. Ó ní òun ni yóò sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi láti bèèrè ọ̀rọ̀ tí òun yóò lò, nítorí òun kò fẹ́ lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe òun ní ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ lo ti Faransé, tí ọmọbìnrin náà kò ní gbọ́. A jọ wá a títí. Nígbà tó yá, ó ní òun ti rí i: "Orí mi dàrú nígbà kan. Mo ń lo oògùn lálaalẹ́. Aránṣọ ni mí."